Ẹ Bi Àǹtí Aláwòrán: Àwòrán Kékeré Láti Canton

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi ní Abuja, Kaduna, Minna, Jos àti gbogbo ibi tí ìwé ìròyìn yìí ń dé lókè Ọya. Lóṣù tó kọjá mo kàn fẹnu ba ọ̀rọ̀ àwọn àwòrán kéékèèké tí àwọn ará Ṣáínà fi ọ̀dà olómi yà fún òyìnbó láyé ijọ́un, torí mo rí mẹ́ta nílé oníbàárà mi kan ní Maitama níbi tí mo ti lọ wọn fírémù, ìpínrọ̀ kan péré ni mo kọ lórí ẹ̀, àfi bí lẹ́tà ṣe ń rọ́ wọlé, mo wá rí i pé nǹkan yìí wà nílé àwọn èèyàn ju bí mo ṣe rò lọ. Mo mú márùn-ún nínú wọn. Ti àkọ́kọ́ ni mo máa pẹ́ lórí ẹ̀ jù torí ẹrù ẹni náà ti ń bàjẹ́ lọ, ọyẹ́ sì ti ń bọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀gá mi àtijọ́, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan tí mo ṣe dírẹ́bà fún ní Kaduna, nígbà tó ń padà sílùú ẹ̀ ó pín ẹrù fún gbogbo wa, fíríìjì kan ló kàn mí àti álíbọ́ọ̀mù kan tí wọ́n fi aṣọ sílíìkì bò. Àwòrán méjìlá ló wà nínú ẹ̀, kò sí èyí tó ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, èèyàn kan nídìí iṣẹ́ ẹ̀ ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: onígbàjámọ̀, ẹni tó ń tún bàtà ṣe, ẹni tó gbé àgò ẹyẹ, obìnrin tó ń ránṣọ. Bébà ẹ̀ funfun, ó fẹ́lẹ́, ó sì dà bí nǹkan tó máa fọ́. Méjì ti sán báyìí. Ẹnì kan ní Wuse ní bébà ìrẹsì ni, ó lóun máa fún mi ní ẹgbẹ̀rún márùndínlógún náírà tí mo bá lè gbé e wá lónìí lónìí. Ọmọ mi ní kí n jẹ́ kóun gbé e lọ sí bíséńtà kí wọ́n bá wa lámínéètì ẹ̀, kó má bàjẹ́ mọ́. Kí ni nǹkan yìí gan-an, kí sì ni kí n ṣe? Èmi ni Bàbá Ìbejì, Kubwa.

ÈSÌ: Ẹ̀gbọ́n mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yẹn gbé e dé bíséńtà. Ẹ̀rọ lámínéètì yẹn gbóná, á sì tún tẹ nǹkan pa, kí wọ́n tó fà á jáde ní òdì kejì ó ti rún. Ẹ tún sọ fún un pé kó má fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó sán. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín ná.

Bébà ìrẹsì tí ẹni yẹn pè é, kì í ṣe òótọ́, àmọ́ òun kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, àwọn òyìnbó tó ń rà á láyé ijọ́un ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn títí dòní. Kò sí ìrẹsì kankan nínú ẹ̀. Igi kan ló wà ní gúúsù Ṣáínà àti ní Taiwan, tongcao ni wọ́n ń pè é, inú ẹ̀ funfun ó sì fúyẹ́. Ṣé ẹ mọ inú pòpórò bàbà, èyí tí àwọn ọmọdé Haúsá máa ń bó tí wọ́n á fi ṣe mọ́tò àti ilé ìṣeré? Irú ẹ̀ ni. Wọ́n á ti inú igi yẹn jáde lódindi, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á wá máa yí i lórí nǹkan pẹlẹbẹ bí ẹni ń tú ẹní tí wọ́n ká, ọ̀bẹ mímú á máa bó o ní tẹ́ẹ́rẹ́ títí táá fi tẹ́ bíi tákàdá. Níwọ̀n bí igi ò ti tóbi, tákàdá náà ò lè tóbi, ìyẹn ló jẹ́ kí tiyín mọ bó ṣe mọ. Ohun tí àwọn ayàwòrán sì fẹ́ lára ẹ̀ ni pé ọ̀dà kì í rì sínú ẹ̀ bó ṣe ń rì sínú bébà lásán, ó máa ń dúró lókè, á wú sókè díẹ̀, á máa dán bí àrán. Ẹ wo etí aṣọ obìnrin tó ń ránṣọ yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ má fọwọ́ kàn án o, ẹ̀ẹ́ rí i pé ọ̀dà ga ju bébà lọ. Tẹ́ ẹ bá tún ní gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi, ẹ fi wò ó: tó bá jẹ́ àmì róbótó tíntìn-tíntìn lẹ rí bíi ti kàlẹ́ńdà, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́, tó bá jẹ́ ipa búrọ́ọ̀ṣì ni, ọwọ́ èèyàn ni. Pẹ̀lú bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe ẹ̀ yìí, ọwọ́ èèyàn ni ọkàn mi fà sí. Àwòrán orí tongcao ò sì gbòde kí ó tó di nǹkan bí 1820, bébà ni wọ́n ń lò ṣáájú ìgbà yẹn, torí náà tó bá jẹ́ òun ni, kò lè fi bẹ́ẹ̀ ju igba ọdún lọ.

Canton ni wọ́n ti ń ṣe é. Canton yẹn náà ni Guangzhou, Guangzhou tí àwọn oníṣòwò wa ń bá báàlù lọ ra ọjà lónìí, kò tíì yí iṣẹ́ padà. Ní 1757 ọba Ṣáínà tó ń jẹ́ Qianlong pàṣẹ pé Canton nìkan ni òyìnbó ìwọ̀-oòrùn ti lè ṣòwò, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tíì, sílíìkì tàbí àwo tánganran, ibẹ̀ ló máa wá. Wọn ò sì gbà kí wọ́n wọ inú odi ìlú. Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n fún wọn létí odò Pearl, ilé ìṣòwò mẹ́tàlá ló wà níbẹ̀, ìyàwó wọn ò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀, tí àsìkò ọjà bá sì parí, àfi kí wọ́n kó lọ sí Macau, ìlú etí òkun tó wà lọ́wọ́ àwọn Pọtogí nígbà yẹn. Ẹ fi ara yín sípò ẹni tó fi oṣù mélòó kan rin òkun dé Ṣáínà, tí wọn ò jẹ́ kó rìn nígboro, tó sì gbọ́dọ̀ rí nǹkan mú lọ sílé lọ fi han ìyàwó àti ọmọ. Àwòrán onígbàjámọ̀ ló máa rà. Àwòrán alágbàtà ẹyẹ, àwòrán bí wọ́n ṣe ń já ewé tíì tí wọ́n ń yan án lórí iná, ọkọ̀ ojú omi, labalábá, òdòdó, olóyè tòun tìyàwó ẹ̀. Méjìlá méjìlá ni wọ́n sábà máa ń tò ó sínú álíbọ́ọ̀mù bíi tiyín yẹn, wọ́n á fi ríbọ́ọ̀nù sílíìkì tẹ́ẹ́rẹ́ yí etí ẹ̀ po. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bàbá bàbá ọ̀gá yín ló gbé e wọ ọkọ̀ nígbà yẹn, ó dé Gẹ̀ẹ́sì, ó tún bá ọmọ ọmọ wá sí Kaduna, ó wá dé Kubwa.

Ó dunni tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá wá fọ́ sí wa lọ́wọ́, ó sì ń fọ́. Tongcao máa ń wú tí afẹ́fẹ́ bá tutù, á súnkì tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, ẹ sì mọ bí ọyẹ́ Abuja ṣe rí, ètè ń bẹ́, ilẹ̀kùn pákó ń lanu. Ohun tí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ lẹ́yìn kì í súnkì bákan náà pẹ̀lú ẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń fa ara wọn yẹn ló ti ń ya. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, oníbàárà kan gbé ọ̀kan wá bá mi, ẹyẹ méjì lórí ẹ̀ka igi, ó rẹwà kọjá ohun tí mo lè sọ, oníṣẹ́ fírémù kan tó ti kọ́kọ́ gbé e lọ bá ti fi gọ́ọ̀mù lẹ gbogbo ẹ̀yìn ẹ̀ mọ́ páláńkì pẹlẹbẹ. Oṣù Kejìlá ni. Ó ti ya sí mẹ́rin, yíya kan gba ọrùn ẹyẹ kan kọjá. Obìnrin yẹn ń sunkún nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ìyá ẹ̀ ló fún un, kò sì sí ohun tí mo lè ṣe sí i ju kí n tò ó jọ sínú páálí fún un lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń pariwo ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́.

Nítorí náà, ẹ fi àwọn àwòrán yẹn sílẹ̀ nínú álíbọ́ọ̀mù wọn. Ẹ gbé e sórí nǹkan tó tẹ́jú, kó sùn, kó má dúró, ẹ wá páálí tó bá a mu, ẹ fi bébà funfun tí kò ní ásíìdì sí àárín ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé e sínú wọ́dúróòbù tó jìnnà sí ògiri ìta, sí bàlùwẹ̀ àti sí atẹ́gùn AC. Ẹ má fi aṣọ tútù nù ún, ọ̀dà yẹn á bá omi lọ. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ pé kó lè tẹ́jú, ẹ má ká a. Àwọn èérún tó ti já bọ́ lára èyí tó sán, bó ti wù kó kéré tó, ẹ kó o sínú àpòòwé, ẹ kọ nọ́mbà àwòrán sí i lára. Tẹ́ ẹ bá wá rí ẹni tó mọ iṣẹ́ àtúnṣe bébà àtijọ́ lọ́jọ́ kan, ó máa rí nǹkan fi ṣiṣẹ́.

Ní ti ẹgbẹ̀rún márùndínlógún yẹn, ẹ má tà á fún un. Mi ò ní sọ fún yín pé ó máa kọ́lé o, wọ́n ya irú ẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, ó wà ní mùsíọ́ọ̀mù Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù, ó wà ní British Library, ó wà ní Peabody Essex ní Salem lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà. Àmọ́ álíbọ́ọ̀mù tí méjìlá ẹ̀ pé, tí aṣọ ẹ̀yìn ẹ̀ ò tíì kúrò, kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹyọ kan tí wọ́n já. Ẹni tó ní lónìí lónìí máa já wọn ni, á fi wọ́n sí fírémù lọ́kọ̀ọ̀kan, á tà wọ́n káàkiri, wọn ò sì ní tún ríra wọn mọ́.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, mo kí yín o. Ọkọ mi ra àwòrán Ṣáínà kan nígbà tí àwọn ará ilé kan ń kó kúrò ní Minna, ọkùnrin kan tó ń ta fìtílà ló wà lórí ẹ̀. Ọmọ mi wá a lórí fóònù, ló bá rí irú ẹ̀ gan-an ní mùsíọ́ọ̀mù kan ní òkè òkun, ìdúró kan náà, ọwọ́ kan náà, aṣọ ẹ̀ nìkan ni kì í ṣe kọ́lọ̀ kan náà. Ṣé tiwa wá jẹ́ ayédèrú ni? Ìyá Rẹ̀mí, Minna.

ÈSÌ: Rárá o, ìyá wa. Kì í ṣe ayédèrú, kò sì sí èyí tó jẹ́ ìyá nínú méjèèjì. Ẹ̀yin náà ẹ mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹ mọ Ìbàdàndùn. Mélòó ni àwọn ìyá wa fi ìyẹ́ adìẹ yà ká tó bí wa? Ẹnikẹ́ni kì í bèèrè èyí tó jẹ́ ojúlówó Ìbàdàndùn, ọwọ́ tó yà á ni à ń wò, bóyá ìlà ẹ̀ tọ́, bóyá ó mọ́ tónítóní. Bí ti Canton ṣe rí nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ní àwòṣe tiẹ̀, wọ́n á fi bébà tínrín lé àwòṣe yẹn lórí, wọ́n á tẹ̀ lé ìlà ẹ̀, ẹnì kan á wá kun aṣọ, ẹlòmíì á kun igi àti òkúta, ẹni tó mọ ojú yà jù ló máa ń parí ojú. Tó bá jẹ́ bébà ni, wọ́n á kọ́kọ́ fi omi álọ́ọ̀mù pa á lára kí ọ̀dà má bàa tàn, álọ́ọ̀mù tí à ń dà sínú omi kànga náà ni. Ta ló ní àwòrán yẹn nígbà náà? Gbogbo wọn ni.

Ọ̀kan wà tí òkìkí ẹ̀ kàn dáadáa tó ń jẹ́ Lamqua, Guan Qiaochang lorúkọ àbísọ ẹ̀. Ọ̀rọ̀ "qua" tẹ́ ẹ̀ẹ́ máa rí lẹ́yìn orúkọ púpọ̀ nínú wọn yẹn, àpọ́nlé ni, bí a ṣe ń fi Alhaji pe ẹni iyì nínú ọjà níbí. Àwọn òyìnbó tó dé ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ní China Street kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀: ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń tajà, tẹ́ ẹ bá gun àtẹ̀gùn lẹ óò bá àwọn ayàwòrán bíi mẹ́jọ sí mẹ́wàá nídìí tábìlì gígùn, wọ́n ká ọwọ́ aṣọ sókè, wọ́n fi irun dídì wọn tó gùn yẹn yí ọrùn kó má bàa kan ọ̀dà, òkè pátápátá ni Lamqua fúnra ẹ̀ ti ń ya ojú àwọn tó wá jókòó fún un. Àbúrò ẹ̀, Tingqua, ní ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ ní àdúgbò yẹn náà, ọ̀dà olómi sì ni tiẹ̀. Àwòrán kan wà tí wọ́n ya inú ṣọ́ọ̀bù Tingqua yẹn sí, àwọn ayàwòrán jókòó, àwòrán kún ara ògiri. Mo fẹ́ràn àwòrán yẹn ju gbogbo àwọn tó kù lọ. Lẹ́yìn gbogbo onígbàjámọ̀ àti oníbàtà tí wọ́n yà fún òyìnbó, ẹnì kan rántí pé iṣẹ́ lòun náà ń ṣe, ó ya ara ẹ̀ mọ́ wọn.

Torí náà ẹ sọ fún Rẹ̀mí pé èyí tó wà ní mùsíọ́ọ̀mù yẹn, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tiyín ni. Kó ya fọ́tò méjèèjì kalẹ̀, kó máa fi ìlà kan wé ìkejì, ó máa gbádùn ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Zaria, iṣẹ́ ọnà ni mò ń kọ́. Àwa mẹ́rin jà lórí ohun tẹ́ ẹ kọ lóṣù tó kọjá títí iná fi lọ ní hósítẹ́ẹ̀lì. Àwọn mẹ́ta ní ẹni tó bá ń ya kìkì ohun tí oníbàárà fẹ́, tó tún ń ya ọ̀kan náà nígbà ọgọ́rùn-ún, oníṣẹ́ ọwọ́ ni, kì í ṣe ayàwòrán. Èmi nìkan ni mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa gbè é lẹ́sẹ̀.

ÈSÌ: Ọmọ mi, ìwọ lo jàre, jẹ́ kí n bá ẹ gbè é lẹ́sẹ̀.

Ní Zaria níbẹ̀ yẹn, ní 1958, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiẹ̀ kó ara wọn jọ, Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya, Yusuf Grillo tiwa náà wà níbẹ̀, wọ́n ní ohun tó dáa nínú ẹ̀kọ́ òyìnbó àwọn máa mú, àwọn á fi kún tiwa, àwọn ò ní sọ tiwa nù. A ń yìn wọ́n fún un títí dòní, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Wá lọ wo àwòrán Canton kan dáadáa. Ìlà tó yí ojú àti ọwọ́ po yẹn, búrọ́ọ̀ṣì Ṣáínà ni, ìran wọn ló ni ín. Òjìji tó wà lábẹ́ àgbọ̀n, bí odò ṣe ń dínkù bó ṣe ń jìnnà lọ, ara àwòrán òyìnbó ni wọ́n ti rí ìyẹn, wọ́n wò ó, wọ́n mú un, wọ́n sì sọ ọ́ di tiwọn. Ta ló rán wọn? Ọjà ni, mo gbà. Àmọ́ ojú tó rí i àti ọwọ́ tó ṣe é, ọjà ò lè rà á fún èèyàn.

Tí wọ́n bá ní Lamqua kàn ń ṣe àfarawé ni, o lè sọ fún wọn pé wọ́n gbé iṣẹ́ ẹ̀ kalẹ̀ ní Royal Academy ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1835. Òyìnbó ayàwòrán kan tó ń jẹ́ George Chinnery dé Macau ní 1825, ibẹ̀ ló kú sí ní 1852, àwọn èèyàn máa ń sọ pé ọmọṣẹ́ ẹ̀ ni Lamqua, Chinnery fúnra ẹ̀ sẹ́ kanlẹ̀. Bóyá ó kọ́ ọ tàbí ó kàn ń yọjú wo ohun tó ń ṣe, Lamqua dé ibi tí àwọn oníbàárà ti ń fi iṣẹ́ méjèèjì wéra wọn. Ohun tó mú mi fẹ́ràn ọkùnrin yẹn wá yàtọ̀ síyẹn o. Ní 1835 yẹn náà, dókítà Amẹ́ríkà kan, Peter Parker, ṣí ilé ìwòsàn ojú sí Canton. Àwọn tó ní kókó ńlá ńlá lára ń rọ́ wá, ó ń ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, Lamqua ló sì ń bá a ya àwọn aláìsàn yẹn. Ọ̀dà olóròóró ló fi yà wọ́n, kì í ṣe olómi. Lé ní ọgọ́rin nínú wọn wà ní Yunifásítì Yale báyìí. Wọ́n le wò, kókó mìíràn tóbi ju orí ẹni náà lọ. Síbẹ̀ wo ojú wọn. Ojú ọmọlúàbí ni, ojú ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́, tó mọ orúkọ ara ẹ̀. Parker fẹ́ fi àìsàn han àwọn ará ìlú ẹ̀ kí wọ́n lè dáwó, iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún Lamqua nìyẹn, èèyàn ló yà. Kò sẹ́ni tó ní kó fi iyì sí ojú wọn.

Kó o tún mú owó ogún náírà kan jáde, kó o yí ẹ̀yìn ẹ̀ sí wọn. Ladi Kwali nìyẹn. Suleja ló ti mọ ìkòkò tó gbayì yẹn, ìgbà yẹn Abuja lorúkọ Suleja kí ìjọba tó gba orúkọ náà fún olú ìlú, ilé ẹ̀kọ́ amọ̀ tí Michael Cardew dá sílẹ̀ ló wà, òyìnbó ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń rà á, wọ́n ń kó o dé Lọ́ńdọ̀nù. Aláńgbá, àkèekèé, ejò tó wà lára ìkòkò yẹn, ohun tó kọ́ lọ́dọ̀ àǹtí ẹ̀ ní Kwali ni, ó yà á lára ìkòkò yìí, ó tún yà á lára ìyẹn. Kí àwọn mẹ́ta yẹn sọ fún ẹ pé kì í ṣe oníṣẹ́ ọnà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ dá mi lóhùn méjì. Kí ló dé tí púpọ̀ nínú àwọn àwòrán yìí fi jẹ́ ti ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ọ̀daràn? Ìgbà wo ni wọ́n sì jáwọ́ nínú yíyà á? Alàgbà kan, Lokoja.

ÈSÌ: Bàbá, ẹ kú ìkàlẹ̀. Torí pé ó ń tà ni. Ìwé kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1800, àwòrán 60 ló wà nínú ẹ̀, aṣọ àti iṣẹ́ àwọn ará Ṣáínà, ayàwòrán Canton kan tó ń jẹ́ Pu Qua ló yà wọ́n, wọ́n sì kọ orúkọ ẹ̀ sábẹ́ wọn. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni òmíì jáde, àwòrán 22, ìyà ọ̀daràn nìkan. Lẹ́yìn ìyẹn oníbàárà ń bèèrè, wọ́n ń yà á. Ó máa ń bà mí nínú jẹ́, torí ẹni tó bá rí èyí nìkan á rò pé pàṣán ni gbogbo ilẹ̀ Ṣáínà. Ní Abuja níbí náà, ẹlẹ́ṣin durbar àti ọmọbìnrin Fúlàní tó ru wàrà ni òyìnbó ń rà, àwọn ayàwòrán wa ń yà á torí ọmọ gbọ́dọ̀ jẹun, mi ò lè dá wọn lẹ́bi. Ẹni tó ń rà á ni mo fẹ́ kó máa bèèrè nǹkan míì.

Ti ìkejì: ogun opium tí Gẹ̀ẹ́sì bá Ṣáínà jà ló kọ́kọ́ da ọjà náà rú, àdéhùn Nanjing tó parí ẹ̀ ní 1842 ṣí èbúté márùn-ún fún òyìnbó, Gẹ̀ẹ́sì gba Hong Kong, àwọn ayàwòrán kan kó lọ síbẹ̀. Ní 1856 iná jó àwọn ilé ìṣòwò mẹ́tàlá yẹn. Kámẹ́rà ló wá parí ẹ̀, díẹ̀díẹ̀, torí fọ́tò yá, owó ẹ̀ sì kéré ju ti kéèyàn jókòó fún ayàwòrán lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, mo ń gbé ní Jos, iṣẹ́ ẹyẹ àti igi ni mò ń ṣe. Àwọn ẹyẹ tí wọ́n yà yẹn, ṣé wọ́n jọ ẹyẹ gidi tó wà láyé, àbí wọ́n kàn fi kọ́lọ̀ sí i kó lè wuni?

ÈSÌ: Àbúrò mi, àwọn míì wà fún ẹwà lásán lóòótọ́, labalábá tí wọ́n fi ìyẹ́ ẹlòmíì sí lára wà níbẹ̀. Àmọ́ àwọn kan péye débi tí àwọn onímọ̀ fi gbára lé wọn. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ John Reeves dé Canton ní 1812, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa yẹ tíì wò fún East India Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kó sì sọ èyí tó dáa. Lẹ́yìn iṣẹ́, ewéko àti ẹran ló ń wá kiri. Kò mọ àwòrán yà, ló bá ń pe àwọn ayàwòrán ibẹ̀ wá sílé ẹ̀, á gbé ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra lọ́jà síwájú wọn kó tó di pé kọ́lọ̀ ẹ̀ ń ṣí, wọ́n á yà á bó ṣe rí gẹ́lẹ́, ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan, lẹbẹ kọ̀ọ̀kan. Ó ṣe é títí ó fi padà sílé ní 1831. Ìgbà tó di 1846, onímọ̀ kan, John Richardson, kọ̀wé lórí àwọn ẹja òkun Ṣáínà àti Jàpáànù, ọ̀pọ̀ ẹja ló sì fún lórúkọ láti ara àwọn àwòrán yẹn, kò rí ẹja náà sójú. Rò ó wò, ìwọ tó o mọ bí wọ́n ṣe ń fún nǹkan lórúkọ. Ayàwòrán tí wọ́n ń pè ní oníṣẹ́ ọjà ló di ẹlẹ́rìí fún sáyẹ́ǹsì.

Àwọn àwòrán yẹn wà ní Natural History Museum ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní ibi ìkàwé Lindley, o lè rí púpọ̀ nínú wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹyẹ kan tún wà, ìran adìẹ igbó onírù gígùn, tó ń jẹ́ orúkọ Reeves títí dòní. Kò sí ẹyẹ kankan tó ń jẹ́ orúkọ àwọn tó yà á. Àmọ́ Reeves kọ orúkọ wọn sínú ìwé ìṣirò ẹ̀: Akut, Akam, Akew, Asung. Mo ti kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi lókè ibi tí mo ti ń gé gíláàsì, mo máa ń pè wọ́n jáde tí iṣẹ́ bá dẹwọ́.

Ìyẹn ló rán mi létí, Bàbá Ìbejì. Ẹ ṣí ẹ̀yìn álíbọ́ọ̀mù yẹn, inú páálí ẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ o. Àwọn ṣọ́ọ̀bù míì, Tingqua, Sunqua, Youqua, máa ń lẹ lébẹ̀ẹ̀lì kékeré kan síbẹ̀ tí orúkọ wọn wà lára ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ má bó o, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.